Ẹ Wọ Aṣọ Ẹbí fún Línkì Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aládìrẹ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wọn tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ní Abẹ́òkúta nìyí, lórí bí a ṣe lè mọ ohun tó gbé àlejò wá sí ojú òpó wa. Mo ti yọ ibi tí iná ti lọ kúrò, àti ibi tí a ti ń wá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ gbé fóònù dání, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìtòkú wá, ẹ kú ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti Kémta wá, ẹ kú ìrìn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi òkú àgbà mú ọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó kan papòdà, ó fi ọmọ márùn-ún sáyé lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú aṣọ fún àwọn ẹni tirẹ̀. Dáwódù ní àdìrẹ aláró ni tòun, èyí tó tẹ̀ lé e mú ankárá aláwọ̀ ewé, àbígbẹ̀yìn tó ń gbé Èkó ní léèsì pupa ni kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ òun wọ̀. Nígbà tí ìnáwó bá gbóná, tí èrò kún abẹ́ àtíbàbà, kò sẹ́ni tó ń dúró bi àlejò pé ta ló pè é. Aṣọ ti dáhùn. Alásè mọ kúlà tí yóò ti bu oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ kejì, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jiyàn lórí èrò ta ló pọ̀ jù, wọ́n á mú fọ́tò jáde, wọ́n á ka aṣọ.

Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń wá tí wọn kò wọ aṣọ ẹnì kankan. Búbá funfun ni wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n náwó fún olórin, wọ́n lọ. Ta ló pè wọ́n? Ọmọ márààrún ló lè ní èrò òun ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sórí òwò wa. Ẹ̀ ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yín: àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun dé, ọdún Lísàbí ń bọ̀, a dínwó. Línkì wà nínú lẹ́tà náà tó ń gbé èèyàn lọ sí ojú òpó yín. Èèyàn tẹ̀ ẹ́, ó dé ibẹ̀, ó wo aṣọ, bóyá ó rà. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé lẹ́tà yín ló gbé e wá?

Ẹni tó bá ti inú Google wá, browser rẹ̀, áàpù tó fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, á sọ ọ́ fún ojú òpó yín pé ibẹ̀ ni òun ti ń bọ̀. Áàpù ímeèlì orí fóònù tàbí orí kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ nǹkan kan. WhatsApp náà, bákan náà. Àlejò á kàn yọ bí ẹni pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé ta ló ráyè ìyẹn. Google Analytics, ẹ̀rọ tó ń bá wa ka àlejò ojú òpó, á kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan, "direct". Àwọn oníbúbá funfun nìyẹn.

Ojú mi ti rí màbo nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan wà ní Ìtòkú tí mò ń bá bójú tó ojú òpó wọn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ìròyìn Analytics, mo rí Facebook, mo rí Google, n ò rí ímeèlì. Mo lọ bá ìyá, mo fi ọgbọ́n orí tí n kò ní sọ fún wọn pé kí a yéé fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí owó rẹ̀ máa lọ sórí Facebook. Wọ́n gbà mí gbọ́. Kò pẹ́ tí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi tutù bí ẹ̀kọ àná. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀sẹ̀ tí a dá lẹ́tà dúró gan-an ni "direct" já wálẹ̀. Mo rí i, ó ń já, mo ń wò ó, n kò sì mọ ohun tí mò ń wò. Èmi ni n kò wọ aṣọ kankan fún àwọn àlejò wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo padà lọ bẹ̀bẹ̀, ìyá wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé bí o ṣe ń ka owó tìrẹ náà nìyẹn?"

Àmì tí à bá fi sára línkì wọn, UTM ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní San Diego ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Urchin, kíka èrò tó ń wọ ojú òpó ni iṣẹ́ wọn. Google rà wọ́n ní ọdún 2005, ara iṣẹ́ wọn ni Google Analytics sì ti jáde lọ́dún yẹn kan náà. Urchin Tracking Module ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún. Ilé-iṣẹ́ náà ti wọlẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àìmọye línkì, bí baba ńlá tí à ń pè nínú oríkì tí ẹnikẹ́ni kò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó ń polówó nínú ìwé ìròyìn lókè òkun ti ń dá irú rẹ̀. Wọ́n á ní kí òǹkàwé kọ̀wé sí "Ẹ̀ka 12" nínú ìwé ìròyìn kan, "Ẹ̀ka 15" nínú òmíràn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀ka kankan níbì kankan. Tí lẹ́tà bá dé, nọ́ńbà náà á tú àṣírí ibi tó ti wá.

Ẹ wo èyí tí mo fi iná gbé sára ògiri yìí. Àdírẹ́sì àpẹẹrẹ ni, ẹ má lọ wá ọjà níbẹ̀:

https://example.com/eleko?utm_source=leta-osose&utm_medium=email&utm_campaign=lisabi-2026&utm_content=foto-oke

Gbogbo ohun tó ṣáájú àmì ìbéèrè, ilé yín nìyẹn, ojú ìwé tí àlejò ń lọ gan-an. Láti ibi àmì ìbéèrè lọ, aṣọ ẹbí ni. Bí ẹ bá bọ́ gbogbo rẹ̀ sọnù, àlejò á ṣì dé ilé. Aṣọ kì í ṣe ẹsẹ̀. Àmì & ló ń so èyí mọ́ èyí. Ẹ má fi àlàfo sí àárín ọ̀rọ̀, dáàṣì ni kí ẹ fi sí i. Bí àdírẹ́sì yín bá sì ní àmì # lára tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ó wà. Aṣọ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Analytics kò ní rí i.

utm_source ni ẹni tó rán àlejò wá. Lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni níhìn-ín. Bí ẹ bá tún ní lẹ́tà tó ń lọ fún àwọn aránṣọ nìkan, ẹ fún un lórúkọ tirẹ̀. utm_campaign ni ìnáwó tí a torí rẹ̀ pè é, ọdún Lísàbí. Èyí tó ń jẹ́ utm_term, àwọn tó ń sanwó ìpolówó fún Google ló ni ín, ẹ fojú fò ó.

Ibi utm_medium ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa. Ọ̀nà tí àlejò gbà wá ni, "email" sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀. Google ti ní àpótí tó pè ní Email, ìwọ̀nba ọ̀nà ìkọ̀wé bíi email tàbí e-mail nìkan ló sì mọ̀. Bí ẹ bá fi ìfẹ́ èdè abínibí kọ "leta" síbẹ̀, tí orísun náà kò sì jẹ́ ohun tó mọ̀, á jù ú sínú "Unassigned" pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò ní bàbá.

Lórí èdè abínibí náà, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí láti sọ, èmi tí mò ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà lójoojúmọ́ nítorí àmì ohùn: ẹ má fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ sínú UTM. Ẹ wo "leta-osose" tí mo kọ yẹn, bí ẹni tí kò lọ síléèwé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí ẹ bá kọ "ọ" sínú línkì, nígbà tí ẹ bá dà á kọ síbòmíràn, ó lè di %E1%BB%8D. Ọ̀rọ̀ kékeré kan á gùn bí ìrìn Abẹ́òkúta sí Sókótó, ẹ̀rọ kan á gbé e, òmíràn á já a sí méjì. Ọ̀nà tí fóònù kan ń gbà kọ "ọ̀" sì lè yàtọ̀ sí ti fóònù kejì, ojú wa kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Kí àmì ohùn máa gbé inú lẹ́tà, níbi tí oníbàárà ti ń kà á.

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà níbẹ̀. "Lisabi", "lisabi" àti "LISABI" di aṣọ mẹ́ta. Èmi náà ti fi odindi oṣù kan kọ orúkọ kan náà lóríṣiríṣi, tí mo wá jókòó pẹ̀lú báírò tí mò ń ro wọ́n pọ̀ bí akọ̀wé èsúsú. Lẹ́tà kékeré nìkan ni kí ẹ máa lò. Kí ẹ sì ní ojú ìwé kan lórí Google Sheets, tàbí ìwé àjákọ bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, tí ẹ ń kọ gbogbo orúkọ tí ẹ ti lò sí. Ẹni tó bá fẹ́ dá orúkọ tuntun sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Google ní ẹ̀rọ kékeré kan, Campaign URL Builder, tó ń bá èèyàn to línkì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mailchimp àti àwọn ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ tí a fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lè fi UTM sí i fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹ yẹ orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́ wò, ọmọ yín ni.

Ó ku utm_content, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Lẹ́tà kan lè ní línkì mẹ́ta, mẹ́rin, gbogbo wọn ń lọ ilé kan náà: fọ́tò òkè, bọ́tìnì àárín, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. utm_content ló ń sọ èyí tí ọwọ́ oníbàárà tẹ̀. Nígbà tí ìyá Ìtòkú dárí jì mí, a kọ lẹ́tà kan fún ọdún. Òkè gan-an la gbé ẹ̀dínwó sí, nọ́ńbà gàdàgbà, fọ́tò ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyá ní kí n fi ìlà kan sí i, "Bí ẹ ṣe lè fọ àdìrẹ yín kí aró má ṣí". Mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní ta ni í ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Wọ́n ní kí n fi sí i, mo fi sí i, mo sì wọ aṣọ tirẹ̀ fún un: utm_content=fifo-adire.

Nígbà tí ìròyìn dé, àwọn tó tẹ ìlà ìfọṣọ yẹn ju àwọn tó tẹ ẹ̀dínwó lọ. Ẹni tó ti ra àdìrẹ rí ń bẹ̀rù omi, ohun tó ń dá a dúró kó tó ra òmíràn nìyẹn. Ìyá ti mọ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́, nítorí ìbéèrè tí wọ́n ń bi wọ́n ní ìsọ̀ nìyẹn láràárọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìfọṣọ ló ń ṣíwájú lẹ́tà wa, owó á tẹ̀ lé e. Ká ní aṣọ kan náà ni a wọ̀ fún gbogbo línkì inú lẹ́tà yẹn, ǹ bá máa yangàn káàkiri pé ẹ̀dínwó tèmi ló pèrò.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe pọ̀, mo kàn fẹ́ mú díẹ̀. Àwọn kan á gbádùn UTM débi pé wọ́n á fi sára àwòrán tó wà nínú ojú òpó tiwọn, èyí tó ń gbé èèyàn láti ojú ìwé kan sí èkejì. Ẹ má dán an wò. Ìyẹn ni pé àlejò ti wọ àdìrẹ Dáwódù wọlé, ẹ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà, ẹ ń pín léèsì pupa. Tó bá di ìgbà ìṣírò, àwòrán inú ilé ló lè gba ìyìn ọjà tí lẹ́tà yín tà. Línkì tó ń bọ̀ láti ìta ni ó ń wọṣọ.

Àwọn mìíràn, ojú òpó wọn máa ń ju àlejò láti àdírẹ́sì kan sí òmíràn kó tó wọlé, bíi láti èyí tí kò ní www sí èyí tó ní. Aṣọ lè bọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ línkì, tí ojú ìwé bá ṣí tán, ẹ wo òkè browser. Tí utm kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ pe ẹni tó kọ́ ojú òpó yín.

Aṣọ yíyá náà wà. Oníbàárà lè da línkì inú lẹ́tà yín kọ, kó gbé e sórí status WhatsApp rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ á wọlé pẹ̀lú aṣọ ímeèlì. N kò rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn. Tí ẹ bá rí i pé èrò ímeèlì kan ju iye ẹni tí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí lọ, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń bá yín polówó lọ́fẹ̀ẹ́.

Arákùnrin tó wà lẹ́yìn ń ju ọwọ́, ó ní ẹ̀rọ tí òun fi ń ránṣẹ́ ń sọ iye ẹni tó ṣí lẹ́tà, ṣé ìyẹn kò tó? Kò tó, àbúrò. Àwòrán bíńtín tí wọ́n fi pamọ́ sínú lẹ́tà ni wọ́n fi ń kà á. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Apple ti ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo áàpù Mail rẹ̀ gbé àwòrán yẹn wá ṣáájú, yálà èèyàn ka lẹ́tà ni o, yálà kò kà á. Ẹni tó sùn fọnfọn ni wọ́n ń kà mọ́ ẹni tó ṣí i. Títẹ línkì sàn ju ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ẹ̀rọ ààbò ní àwọn ọ́fíìsì kan máa ń tẹ línkì wò kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ẹni tó rà ni ẹ máa wò, ẹ wá bi í pé aṣọ wo ló wọ̀ wá.

Ẹ má kọ orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tàbí ímeèlì rẹ̀ sínú UTM. Mo ti rí i tí wọ́n kọ orúkọ ìyàwó oníyàwó síbẹ̀ gbangba. Ojú òkè browser ló wà, ẹnikẹ́ni tó bá yọjú á kà á, bó bá sì gbé línkì náà fún ẹlòmíràn, orúkọ ti bá a lọ. Google fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́, Nàìjíríà sì ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2023. Aṣọ ẹbí ń sọ ẹni tó pè ọ́, kò sọ orúkọ rẹ.

Mo mọ ohun tó kù lọ́kàn yín. Ẹ̀ ń sọ nínú ara yín pé àwọn oníbàárà tiwa kì í sanwó lójú òpó. Wọ́n á wo aṣọ tán, wọ́n á wá sórí WhatsApp: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, èló ni jálẹ̀?" Òótọ́ ni. UTM kò sì wúlò lára línkì WhatsApp, nítorí ojú òpó tí kì í ṣe tiwa ni, a kò lè gbé Analytics wa síbẹ̀. Ṣùgbọ́n línkì wa.me gba ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti kọ sílẹ̀ de oníbàárà. Ẹ ó kọ https://wa.me/, ẹ ó kọ nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e, 234 níwájú, ẹ yọ òdo àkọ́kọ́, ẹ má fi àmì + sí i. Ẹ wá fi ?text= kún un àti ọ̀rọ̀ yín, bíi Mo%20ri%20aso%20Lisabi. %20 yẹn ni àlàfo. Nígbà tí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, WhatsApp á ṣí, ọ̀rọ̀ náà á ti wà nínú àpótí, ó kù kó fi ránṣẹ́. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti mọ̀ pé lẹ́tà Lísàbí ló rán an. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó san. Bí ó bá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, tó kọ tirẹ̀, ẹ ṣe bí a ti ń ṣe ní ìsọ̀, ẹ bi í.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìyá kan dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí i. A to línkì kan fún ojú òpó wọn níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Realtime, níbi tí Analytics ti ń fi àlejò hàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ìròyìn tó péye lè gbà tó wákàtí 24 sí 48. Èèyàn kan ṣoṣo yọ. Mo wo orísun, "direct" ló wà níbẹ̀.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Aṣọ tí o rán fún mi ti ya."

Kò ya, mà. Káàdì yẹn, ibi tí èèyàn ti kọ́kọ́ mọ ojú òpó náà ló ń sọ, kì í ṣe ibi tó ti wá lónìí. Fóònù ìyá sì ti ń wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí kò sí aṣọ kankan. Mo ní kí wọ́n wá fóònù tí kò dé ibẹ̀ rí. Ọmọ wọn obìnrin tó tẹ̀ lé wọn wá na tirẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, kò tíì yẹ ọjà màmá rẹ̀ wò rí láti ọjọ́ yìí. A fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òun náà. Ó tẹ̀ ẹ́. A dúró. Ení di èjì, "leta-osose" sì yọ nísàlẹ̀ "direct".

"Èyí tuntun yẹn, ọmọ mi ni?" Ìyá ti sún mọ́ ògiri, wọ́n fi ìka kan ojú iná.

"Òun ni, mà."

Wọ́n yíjú sí ọmọ náà. "Ó dáa. Wàá ra nǹkan lónìí."